Ìpè Kẹta fún Ìlànà Kẹrin

Alága ìjókòó òní, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, tẹ́ ẹ sì tún lágbára láti gun àtẹ̀gùn dé gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀yin akọ̀wé wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ètò, ẹ̀yin tó jẹ́ pé bíbú lẹ máa ń bú ètò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí mi tẹ́ ẹ jókòó sí ìlà kejì, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti ilé lórí kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ ti pa àwòrán ojú yín kí a má baà mọ̀ pé orí ibùsùn lẹ wà: mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tí mi ò bá dárúkọ, kó má bínú. Kó gba nọ́ńbà, a máa pè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Alága ti rọra wá sọ sí mi létí pé kí n má pẹ́. Mo gbọ́, màá sì gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán Alága létí pé òun yìí kan náà ló darí ìpàdé tí a fi odindi ọ̀sán jiyàn lórí bóyá ká sọ pé ìlànà kan "ti gbó" tàbí pé ó "ti ń gbó". Oòrùn wọ̀ bá wa níbẹ̀. Bí a ṣe ń kó ìwé wa, Alága ní ká tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ìlànà náà ti gbó tán nígbà yẹn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa wo aago fún mi?

Nítorí àwọn mọ̀lẹ́bí mi, tí wọ́n ti ń bi mí tipẹ́tipẹ́ pé kí ni mò ń ṣe gan-an, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá dé báńkì, tàbí ilé ìwòsàn, tàbí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé, ẹ máa rí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó pọ tíkẹ́ẹ̀tì kan síta, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ jókòó. Pátákó kan ń tàn lókè. Bó bá dún, tó gbé nọ́ńbà yín jáde, ẹ dìde. Ètò tó wà nínú àpótí yẹn, tiwa ni. A kì í tà á. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó gbé e lọ sílé, kó sì bú wa lé e lórí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìfẹ́ ló kó wa jọ, àti agídí.

Ṣùgbọ́n àpótí àti pátákó gbọ́dọ̀ gbọ́ra wọn yé. Àdéhùn bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ la ń pè ní ìlànà. Ìlànà Kìíní wà, Ìlànà Kejì wà, títí dé Ìlànà Kẹsàn-án tí ayé ń lò báyìí. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa kọ ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀: èyí tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó ti ń gbó, èyí tó ti fẹ̀yìntì. Torí bí ìlànà bá gbó, tí ẹnikẹ́ni ò sọ, ẹnì kan á tún lọ fi kọ́ ẹ̀rọ tuntun, àpótí á máa sọ̀rọ̀, pátákó ò ní dáhùn, èèyàn á sì jókòó sílé ìwòsàn títí àìsàn náà fi máa lọ fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Ohun tó ti gbó ló ń tọ́jú." Mo máa ń bá a jiyàn pé iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí tí mò ń kúrò, mo ti rò ó re, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí la ṣe ń yọ ara wa lẹ́nu lórí ohun àtijọ́. Mo ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà wa pọ̀. Ẹni tí àkísà rẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹnì kan ṣì wọ̀ sọ́rùn kó tó dáná sun ún.

Ìyẹn náà la ò mọ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àmì kan ṣoṣo la ní fún ìlànà tó bá gbó: ÒKÚ. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ìlànà Kejì lára, a pàtẹ́wọ́ fún ara wa, a sì mu tíì. Ọjọ́ kejì ni dókítà eyín kan kọ̀wé sí wa, ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, dókítà, ẹ kú ìjókòó o. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ pè ní òkú ló ń pe àwọn èèyàn mi wọlé láti àárọ̀. Ṣé kí n sọ fún wọn?" A rẹ́rìn-ín, a dá a lóhùn pé kó má ṣèyọnu.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni a wá yọ Ìlànà Kejì kúrò nínú ètò pátápátá, láìbi ẹnikẹ́ni. Ó-Ku-Díẹ̀ ló yọ ọ́. Ẹ̀yin àlejò, Ó-Ku-Díẹ̀ ni ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe òun ni mò ń sọ. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ètò wa. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lórí torí ìgbàkígbà tí a bá bi í pé ṣé iṣẹ́ ti parí, á ní ó ku díẹ̀. Ó ti ń ku díẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn nìkan, ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ náà parí kíá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, pátákó dókítà eyín wa ò mọ nọ́ńbà tó yẹ kó pè mọ́. Ló bá pe gbogbo wọn. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìjókòó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú na tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-fún-mi. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá ìtọ́jú. Dókítà ní nígbà tóun máa fi yíjú padà, èèyàn méjì ti jókòó léra wọn lórí, àwọn méjèèjì sì ti lanu. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti ara rẹ̀ mọ́ ló ti pè wá lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù gan-an. Ó bi wá bóyá a rí i báyìí pé òkú náà ò tíì kú.

Ọjọ́ yẹn la gbọ́n. A yọ ÒKÚ kúrò nínú àwọn àmì wa, a sì fi ìpè mẹ́ta lélẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìlànà kan bá gbó, olùtọ́jú ìlànà á bọ́ síta gbangba, á béèrè pé ta ló ṣì ń lò ó. Á dúró díẹ̀, á tún béèrè. Á dúró, á béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, á kọ FẸ̀YÌNTÌ sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní, "Mo ṣì ń lò ó," ìlànà ò lọ ibì kankan, a ò sì gbọdọ̀ bi onítọ̀hún pé nítorí kí ni. Ó máa wà ní ipò À Ń DÚRÓ, títí ẹnì kan nínú wa á fi fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rọ náà, tí a ó sì rí alábòójútó fún un. Òfin náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí èèyàn méjì tó lanu lórí àga kan á gbà pé ó tọ́.

Òfin kan tún wà, tó kàn mí lónìí. Olùtọ́jú tó bá ń kúrò kò gbọdọ̀ fi ìlànà kankan sílẹ̀ ní À Ń DÚRÓ. Bó bá fi ọ̀kan sílẹ̀, kò tíì lọ nìyẹn. Gbogbo ìlànà tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ti yanjú, àfi Ìlànà Kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti pe ìpè kìíní, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo pe ìpè kejì, gbogbo ayé pa lọ́lọ́. Ìpè kẹta ló kù, iwájú yín ni mo sì ti máa pè é kí n tó jókòó. Bí ẹnì kan bá dáhùn, ẹ dá àga onítìmùtìmù tẹ́ ẹ fi ta mí lọ́rẹ padà sílé ìtajà, ẹ gba bisikíìtì lọ́wọ́ àwọn àlejò, torí lọ́jọ́ Ajé, ìdí iṣẹ́ yìí lẹ máa tún bá mi.

Kí ló ń jẹ́ Ìlànà Kẹrin? Ìlànà ìgbà èwe mi ni. Mo wà lára àwọn tó kọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, pátákó máa ń dún lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pe nọ́ńbà: píìn, píìn, píìn. Lẹ́ẹ̀kan ti tó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni wá, a fẹ́ràn ariwo. Ohun kejì tó yàtọ̀ nínú rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kì í kú. Bí a ò bá tíì pè ọ́, nọ́ńbà rẹ wà níbẹ̀, ì báà di ọdún tó ń bọ̀. Ìlànà Kẹsàn-án ò mọ irú àánú bẹ́ẹ̀; bí ilé bá ti tì lálẹ́, ó nu gbogbo nọ́ńbà kúrò, ẹni tí a ò pè á padà wá tò ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn báńkì fẹ́ràn ìyẹn. Kíákíá ni gbogbo ayé fi Ìlànà Kẹrin sílẹ̀.

Gbogbo ayé, àyàfi ẹnì kan. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ìlà-Ò-Tán lorúkọ tó ń jẹ́, a ò sì mọ̀ ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti jẹ́ kí Ìlànà Kẹrin fẹ̀yìntì, gbogbo ìgbà tí mo bá sì pè é ṣáájú èyí ni Ìlà-Ò-Tán máa ń kọ̀wé kan ṣoṣo: "Mo ṣì ń lò ó." Kò ní kí wa, kò ní dágbére. Mo bi í pé ẹ̀rọ mélòó ló ní. Ó ní, "Ọ̀kan." Mo bi í pé níbo ló wà. Ó ní, "Nínú ilé." Mo wá kọ lẹ́tà gígùn kan tó kún fún ọ̀wọ̀, mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń fi ẹ̀rọ náà ṣe. Ó ní, "Ìdúró."

Ẹ̀yin èèyàn mi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó-Ku-Díẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, torí ibẹ̀ nìkan ni èèyàn ti ń dúró bẹ́ẹ̀. Dókítà eyín ní dókítà eyín mìíràn ni, pé àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí èèyàn tètè lọ. Alága dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà jókòó, wọ́n jẹ bisikíìtì, wọ́n sì dábàá pé ká dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rí-Dà nìkan ló ní òun ò ní sọ nǹkan kan tí òun ò bá tíì rí. Ẹ dìde, Ẹ̀rí-Dà, kí wọ́n rí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nìyí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé sí àárín wa, mo kí i pé ẹ káàárọ̀, ó ní, "Ẹ̀rí dà?" Inú bí mi. Mo wo aago, ọ̀sán ti pọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó máa rọ́pò mi ti dé. Kì í gba irọ́, kì í gba "mo rò pé", kì í sì í gba "gbogbo èèyàn ló mọ̀". Bí ẹ bá sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò lo nǹkan mọ́, á ní ṣé ẹ bi wọ́n. Mo fi ìlànà lé yín lọ́wọ́, ọmọ mi, ọkàn mi balẹ̀. Ó-Ku-Díẹ̀, mo fi ọ́ lé e lọ́wọ́ náà. Bó o bá sọ fún un pé ó ku díẹ̀, á ní kó o fi díẹ̀ náà han òun.

Mo mọ̀ pé èmi náà ní àléébù tèmi. Ìméèlì mi gùn. Mo máa ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ní ti bisikíìtì ìpàdé, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo sì ti ń ru agolo tó ṣófo láti ọjọ́ yìí. Ẹ foríjì mí.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè sọ pé mi ò fi ohun tí mò ń kọ́ yín ṣèwà hù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ Ìlànà Kẹrin, ọ́fíìsì wa kún, kò sí ibi tí a máa gbé ẹ̀rọ ìdánwò sí, mo bá gbé e lọ sílé. Ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo kàn án mọ́. Àwọn ọmọ mi kéré nígbà yẹn, wọ́n sì máa ń ya wọlé nígbàkígbà. Mo ní ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ rí bàbá, kó gba nọ́ńbà. Ẹ ò rí i bó ṣe dùn mọ́ wọn nínú? Wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà, èmi á tẹ bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ tábìlì, píìn, píìn, píìn, nọ́ńbà kẹta á wọlé, á ní àbúrò òun bu òun jẹ. Nọ́ńbà kẹrin á wọlé, òun ni àbúrò náà, ẹjọ́ tiẹ̀ á sì tún yàtọ̀. Ìyàwó mi náà máa ń gba nọ́ńbà nígbà míì, ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Kò sí ilé tó létò tó ilé wa.

Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé ara wọn. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Ogójì ló kọ sójú, kò sì kúrò lórí ogójì mọ́. Mo ti fẹ́ yọ ọ́ dànù láìmọye ìgbà. Ìyàwó mi ò gbà. Ó ní òun ń fi báàgì kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Ó ti fara da nǹkan. Kò wá sí ìpàdé wa rí, kódà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní ohun tó ti gbó nílé ti tó òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé ìpè kejì ti kọjá, pé Ìlà-Ò-Tán ò dáhùn, ó bi mí pé ibo la ti máa pe ìkẹta. Mo ní níbi àpèjẹ yìí, lójúkojú. Ó ní, "Ó dáa. Màá bá yín lọ." Ẹ wò ó níbẹ̀yẹn, ó ti múra. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún yín, ká lè lọ sídìí ìpè. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ yín ò ní dojú rú. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ lónìí ò ní di ẹrù fún ẹni tó máa kà á lọ́la. Kọ̀ǹpútà yín ò ní dákẹ́ nígbà tẹ́ ò tíì tọ́jú iṣẹ́ yín pamọ́. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti ń dúró de ohun rere, ìlà yín á máa sún síwájú, ẹnikẹ́ni ò ní já yín. Bó bá kan yín, ẹ máa gbọ́. Ẹ ò ní wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe nọ́ńbà yín.

Ẹ ṣé. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ báyìí. Ẹ̀rí-Dà, ẹ wo orí kọ̀ǹpútà dáadáa, bóyá ẹnì kan máa kọ̀wé. Èmi olùtọ́jú ìlànà, mo dúró ní gbangba, mo sì ń béèrè lẹ́ẹ̀kẹta: Ìlànà Kẹrin, ta ló ṣì ń lò ó?

Ẹ jẹ́ ká fún wọn láyè.

Ẹ̀rí-Dà ń mirí, kò sí nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà-Ò-Tán ò sọ̀rọ̀. Ó ṣe mí bákan, ẹ ò ní gbà gbọ́. Ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ kó dáhùn. Ó dáa. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mú kálàmù mi, màá sì...

Ìyá wọn, jọ̀ọ́, jókòó ná. Bó bá jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lò ń wá, apá òsì ni.

Kí lo wí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, fún àwọn tó wà lẹ́yìn àti àwọn tó wà lórí ibùsùn, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ìyàwó mi dìde. Ó ní, "Mo ṣì ń lò ó."

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ohun tí a ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ̀rí-Dà, ẹ bi í.

Ẹ̀rí-Dà ti bi í pé ẹ̀rí dà. Ìyàwó mi sì ti ṣí báàgì. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó ti funfun báláú. Ẹ ṣáà mọ bí tíkẹ́ẹ̀tì wa ṣe máa ń ṣe, bó bá ti pẹ́, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ á pòórá. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ mọ́. Ó ní kò sí wàhálà, òun mọ nọ́ńbà òun. Ó ní mọ́kànlélógójì ni.

Mọ́kànlélógójì.

Ẹ̀rọ náà ò bàjẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́ rí. Ogójì ni mo pè gbẹ̀yìn. Láti gbogbo ọdún yìí wá, bí mo bá ń wọlé tí mo bá ń jáde, mo ń wo ogójì lójú, mo ń ṣépè fún un, ó sì ń dúró kí n pe ẹni tó kàn. Bọ́tìnnì ti wà lábẹ́ tábìlì mi, mo ti gbàgbé pé ó wà.

Ọmọ wa obìnrin ń fọwọ́ bo ẹnu. Ìwọ náà mọ̀? Ó ní òun lòun ṣí orúkọ Ìlà-Ò-Tán fún ìyá òun. Ìyá rẹ̀ ní bí Ìlànà Kẹrin bá lọ, wọ́n á kó Ìlànà Kẹsàn-án sínú ẹ̀rọ yẹn, ilẹ̀ á mọ́, nọ́ńbà òun á sì ti kú.

Mo ti ń bá ìyàwó mi kọ̀wé láti yàrá sí kíṣìnnì. Mo ń pè é ní Ẹni Ọ̀wọ́n, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfẹ́ tó ní sí iṣẹ́ wa. Bí Ìlà-Ò-Tán bá kọ̀wé, mo ti dáhùn kí tíì tó tutù. Bí ìyàwó mi bá pè mí láti kíṣìnnì, mo ní mò ń bọ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tóun ò fi dáhùn ìpè kìíní àti ìkejì. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú mi sì dùn. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì.

Alága, ẹ má wo aago mọ́. Iṣẹ́ kan délẹ̀ tí mi ò ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí dáadáa.

Píìn. Píìn. Píìn. Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì.

Ó ń bọ̀. Ẹ yà fún un. Rọra, wáyà wà nílẹ̀ níbẹ̀yẹn. Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. Ẹ má bínú pé ẹ dúró pẹ́. Kí la lè ṣe fún yín?

Ó ní òun ti gbàgbé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣe pàtàkì lọ́jọ́ náà. Ó ní ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ páìpù omi.

Ẹ̀rí-Dà ti nawọ́. Ó ní nígbà tí a ti pe nọ́ńbà yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni ò lo Ìlànà Kẹrin mọ́ nìyẹn, ká kọ FẸ̀YÌNTÌ? Ìbéèrè tó dáa ni. Ìyá wọn, ṣé ká kọ ọ́?

Ó tún ti ṣí báàgì. Èyí ò tíì funfun, mo rí nọ́ńbà rẹ̀ látibí. Méjìlélógójì. Ó ní òun gbà á láàárọ̀ yìí nígbà tí mò ń wá táì mi, torí òun mọ̀ pé òun ti gbàgbé ti àkọ́kọ́. Ó ní ti èyí, òun rántí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn. Ilé ló ti máa sọ ọ́.

Ẹ̀rí-Dà, ẹ mú kálàmù. A ti mọ ibi tí ẹ̀rọ náà wà, ojú mi méjèèjì ló ti ń rí i lójoojúmọ́. Alábòójútó ló kù, ọ̀kan sì ti bọ́ síta lónìí tí kò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, èmi náà ni. Torí náà, ẹ pa À Ń DÚRÓ rẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé: Ìlànà Kẹrin, Ó Ń ṢIṢẸ́. Ẹ̀rọ kan, nínú ilé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kọ FẸ̀YÌNTÌ síwájú orúkọ tèmi. Èmi ni mò ń lọ. Òun ò lọ ibì kankan.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dúró tì mí. Ẹ jẹun, ẹ mu, ẹ fi bisikíìtì díẹ̀ sílẹ̀ fún Alága. Ẹ bá mi pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí. Mo ń lọ sílé lọ tẹ bọ́tìnnì.